Òkúta ìrántí fún ọlọ́pàá tó kú lẹ́nu iṣẹ́: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mójú tó kí wọ́n tó gbẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́

Ìbéèrè: Ó di ọdún méjì báyìí tí wọ́n yìnbọn pa sájẹ́ǹtì kan ní àgọ́ wa nígbà tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú pópó. Ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn gbé òkúta ìrántí síwájú àgọ́, ká sì máa ṣe ètò ìrántí lọ́dọọdún. A ò ṣe irú rẹ̀ rí. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? Kí ni ká kọ sára òkúta náà? Báwo la ṣe máa ṣètò ọjọ́ náà? Ẹnì kan sì wà tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í gbé fóònù wa mọ́. Ṣé ká pè é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ọdún méjì kò tíì pọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gba ojú pópó yẹn kọjá lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí òkúta dúró ná. Ọ̀dọ̀ ìyàwó olóògbé àti àwọn òbí rẹ̀, bí wọ́n bá wà láyé, ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì péré ni kó lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ìyàwó mọ̀ dáadáa. Kí wọ́n pè é ṣáájú, kí wọ́n má sì wọ aṣọ iṣẹ́ lọ, torí àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ ló sábà máa ń gbé irú ìròyìn yẹn dé ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n má gbé àwòrán òkúta tí ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀ dání. Ẹni tí wọ́n bá gbé ohun tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síwájú á máa tijú láti sọ pé òun kò fẹ́ ẹ. Ìbéèrè ni kí wọ́n gbé lọ. Ṣé ẹ fẹ́ òkúta náà rárá? Orúkọ wo lẹ fẹ́ kó wà lára rẹ̀, báwo la sì ṣe ń kọ ọ́? Ṣé kí fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé kí àwọn oníròyìn wá? Kí ni àwọn ọmọ mọ̀ nípa bí bàbá wọn ṣe kú, kí ni wọn ò sì tíì mọ̀?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń gbàgbé. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ti di ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, ó ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí àgbà ń sọ. Bó bá jẹ́ pé ìjàǹbá ọkọ̀ ni wọ́n sọ fún un, ẹnu ẹni tó di gbohùngbohùn mú níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn kọ́ ló yẹ kó ti gbọ́ òótọ́. Bí ìyàwó bá sọ pé àwọn ọmọ kò tíì mọ̀, ẹ fún un ní oṣù díẹ̀ kó lè sọ fún wọn fúnra rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó máa sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má dárúkọ ìbọn.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ìyá olóògbé àti ti ìyàwó rẹ̀ má ṣọ̀kan. Ẹ má gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ bi àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé. Èyí tí wọn kò bá jọ fara mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Òkúta tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ níwọ̀n kò pa ẹnikẹ́ni lára rí.

Lẹ́yìn ẹbí ló kan ìwé. Ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ìwé òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ fi wé ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Orúkọ ní kíkún, nọ́ńbà iṣẹ́, ipò, ọjọ́ àti ibi lẹ ń wá, ó sì máa yà yín lẹ́nu bí nǹkan márùn-ún yìí ṣe máa ń ta kora láti ìwé kan sí èkejì. Bí wọ́n bá yìnbọn lu èèyàn lálẹ́, tó wá kú sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kẹta, ìwé kan á kọ ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, òmíràn á kọ ọjọ́ ikú. Ọjọ́ tó kú ló ń lọ sára òkúta, kí ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ wà nínú fáìlì. Ní ti ipò, bí wọ́n bá ní àwọn ti gbé e ga lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ béèrè ìwé ìgbéga náà, kẹ́ ẹ rí i lójú. Ọ̀pọ̀ ìgbéga tí wọ́n kéde lójú sàréè ni kò dé orí ìwé, ìnira ńlá ló sì jẹ́ fún ẹbí bí wọ́n bá ní kí wọ́n wá yí ipò tó ti wà lára òkúta padà.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bó bá ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀, bíi ti èdè wa yìí, ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ. Kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ agbẹ́kùúta fi ń to lẹ́tà báyìí, oríṣi lẹ́tà tó wà níbẹ̀ sì lè má ní ẹ àti ọ tó lámì. Kọ̀ǹpútà á kàn gbé àmì náà sọnù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fọwọ́ kọ orúkọ náà gàdàgbà sórí bébà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹbí buwọ́ lù ú, kí ẹ sì so bébà náà mọ́ ìwé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fún agbẹ́kùúta. Bí ohùn orúkọ bá yí padà, orúkọ ẹlòmíràn lẹ gbé sílẹ̀ yẹn.

Ohun tó yẹ kó wà lára òkúta kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ márùndínlógójì lọ. Ẹ lè tò ó báyìí:

SÁJẸ́ǸTÌ
(orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìdílé)
(ọjọ́ ìbí – ọjọ́ ikú)
Ó kú lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lójú pópó (orúkọ òpópónà)
Ọdún 11 ló fi ṣiṣẹ́ ní àgọ́ yìí
Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé òkúta yìí kalẹ̀

Ẹ wo ìlà karùn-ún yẹn. Àpẹẹrẹ ni 11. Iye ọdún tó fi ṣiṣẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ «akọni», «akíkanjú», «ẹni tí a kò lè gbàgbé» sí. Mi ò kọ̀ pé akọni ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wà lára òkúta gbogbo èèyàn, kò sì sọ nǹkan kan nípa ti yín. Iye ọdún tó fi wọlé tó fi jáde ní ilẹ̀kùn yẹn, òun nìkan ló ni í. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó pa á síbẹ̀ láéláé, ì báà jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi. Bí ẹjọ́ náà bá ṣì wà ní kóòtù, tàbí tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣì ń bọ̀, ẹ kọ «ó kú lẹ́nu iṣẹ́», ẹ má tíì kọ «wọ́n pa á», torí agbẹjọ́rò lè di ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá gbẹ́ sára òkúta mú pé ẹ ti dájọ́ kí adájọ́ tó dá a. Bí ẹjọ́ bá parí tán, ẹbí ló ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́.

Níbo ni kẹ́ ẹ gbé e sí? Ẹ ti ní iwájú àgọ́, mo sì gbà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Nílùú Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàábìnrin Yvonne Fletcher ní St James's Square ní 17 Oṣù Kẹrin 1984, Michael Winner tó máa ń ṣe fíìmù dá àjọ Police Memorial Trust sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àjọ náà gbé òkúta kékeré kan sí ibi tí Fletcher ṣubú sí gan-an, wọ́n sì ṣí i ní 1 Oṣù Kejì 1985. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ sí ibi tí àwọn ọlọ́pàá mìíràn kú sí. Agbára wà nínú kí èèyàn dúró sí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ gbàgede tí èèyàn ń rìn gbà ni St James's Square, ojú pópó tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ sì ni tiyín. Bí ẹ bá gbé òkúta síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa dúró létí títì láti gbé òdòdó sílẹ̀. Ẹ gbé e síwájú àgọ́, kẹ́ ẹ dárúkọ òpópónà náà lára rẹ̀.

Ní ti òkúta fúnra rẹ̀, òkúta akọ (gíránáìtì) ni kẹ́ ẹ rà. Mábù lẹ́wà lójú, àmọ́ òjò tó ní ásíìdì díẹ̀ nínú, bíi ti ìlú tí èéfín ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí etí lẹ́tà á fi yọ́. Idẹ náà dára, àmọ́ àwọn tó ń jí irin tà máa ń tú u lọ lóru. Bí ẹbí bá taku pé idẹ làwọn fẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi bóòtù tí orí rẹ̀ kò hàn síta dè é láti ẹ̀yìn.

Òkúta tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, tó ga tó 45, tó nípọn tó 10 ti tó. Yóò wúwo tó nǹkan bíi kílò 73, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹni méjì gbìyànjú láti gbé e; ẹni mẹ́rin tàbí ọmọlanke ni. Bí ẹ bá fi àlàfo 5 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, 50 ló ṣẹ́ kù fún ìkọ̀wé. Lẹ́tà ńlá tó ga tó 25 mílímítà máa ń gba nǹkan bíi 20 mílímítà ní fífẹ̀, tòun ti àlàfo rẹ̀, torí náà lẹ́tà 25 ni ìlà kan lè gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tóbi ju ìyókù lọ, bíi 40 mílímítà, lẹ́tà 15 péré ni ìlà kan máa gbà. Orúkọ tó gùn á nílò ìlà méjì. Lẹ́tà tó ga tó 25 mílímítà á rọrùn láti kà láti nǹkan bíi mítà mẹ́ta, ibẹ̀ náà sì ni èèyàn sábà máa ń dúró sí níwájú òkúta. Àwọn kan máa ń fún lẹ́tà pọ̀ kí ọ̀rọ̀ lè pọ̀, wọ́n á wá gbé òkúta tí ẹnikẹ́ni kò lè kà láìtẹ̀ba.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ẹ ní kí agbẹ́kùúta tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn mítà mẹ́ta. Ẹ ka gbogbo lẹ́tà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí èèyàn bá kà á bó ṣe yẹ, ojú á máa fò kọjá lórí àṣìṣe, á kà á bí ọkàn ṣe rò ó. Kí ẹni méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ tún kà á, kí ìyàwó olóògbé sì buwọ́ lu bébà náà pẹ̀lú ọjọ́ tó buwọ́ lù ú. Gbígbẹ́ ni kí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà wọlé sínú òkúta. Kí wọ́n má fi ọ̀dà nìkan kọ ọ́. Ọ̀dà á ṣí kúrò nínú oòrùn, àmọ́ lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ ṣì ṣeé kà nípasẹ̀ òjìji tó wà nínú rẹ̀. Nítorí òjìji yìí, ẹ gbé òkúta náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bà á láti ẹ̀gbẹ́.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ gbẹ́ ihò tó gùn tó 80 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ tó 60, tó jìn tó 25, kẹ́ ẹ da kọnkéré sí i: sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ǹtì 50 kílò kan tó o, yóò tún ṣẹ́ kù. Kí wọ́n ṣe ojú rẹ̀ kó dagun síta díẹ̀, kí omi má bàa dúró sí ìdí òkúta. Ẹ máa bu omi rin ín fún ọjọ́ méje kẹ́ ẹ tó gbé òkúta lé e. Ọ̀pá irin méjì tó nípọn tó 12 mílímítà ni wọ́n á fi so òkúta mọ́ ìpìlẹ̀, irú irin tí kì í dípẹtà. Ẹ fojú ara yín rí ọ̀pá yẹn kí wọ́n tó bò ó. Bó bá jẹ́ irin lásán ni, tó bá dípẹtà, ńṣe ló máa ń wú, á sì la òkúta láti inú wá. Ọdún bíi mélòó kan á ti kọjá kẹ́ ẹ tó rí i, agbẹ́kùúta á sì ti lọ.

Láti fọ̀ ọ́, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ má lo bílíìṣì, ásíìdì, búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ kó máa dán ló sábà máa ń bà á jẹ́, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń bà á jẹ́.

Nǹkan kan tún wà tó dára láti fi kún òkúta, òun ni ìwé. Ní ibi ìrántí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní òpópónà The Mall nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní 26 Oṣù Kẹrin 2005, inú ìwé kan tó wà lẹ́yìn gíláàsì ni orúkọ àwọn tó kú wà. Ìwé ṣeé tún ṣe bí àṣìṣe bá wà, àyè sì wà níbẹ̀ fún ìtàn. Ẹ ra ìwé ńlá kan tí wọ́n fi awọ dì lẹ́yìn, kẹ́ ẹ ya ojú ewé mẹ́rin sọ́tọ̀ fún un, kó wà ní gbọ̀ngàn àbáwọlé àgọ́.

Ó tún kan ọjọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti yan ọjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ọlọ́pàá wọn. Ní Íńdíà, 21 Oṣù Kẹwàá ni, torí ọjọ́ yẹn ní 1959 ni àwọn ọmọ ogun Ṣáínà pa ọlọ́pàá mẹ́wàá ní Hot Springs ní Ladakh. Ní Amẹ́ríkà, 15 Oṣù Karùn-ún ni, òfin ọdún 1962 ló yàn án, ìgbà ìrúwé yẹn náà ni wọ́n máa ń fi orúkọ tuntun kún ara ògiri ìrántí tó wà ní Washington. Ọsirélíà ń ṣe tiwọn ní 29 Oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì mú ọjọ́ Àìkú tó bá sún mọ́ ọjọ́ kan náà. Ohun tó mú kí èyí máa dúró ni pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tún ìpinnu ṣe lọ́dọọdún; ó ti wà lórí kàlẹ́ńdà iṣẹ́.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé bí ilé iṣẹ́ yín bá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe ètò ńlá. Ọjọ́ tí sájẹ́ǹtì kú gan-an, ẹ ṣe nǹkan kékeré ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lásìkò tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń gbé iṣẹ́ lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́. Asìkò yẹn ni ọ̀wọ́ méjì wà ní àgọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí pé ẹnikẹ́ni ń pẹ́ níṣẹ́ tàbí pé ojú pópó ṣófo. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ lọ síbi iṣẹ́.

Ètò ńlá kò gbọ́dọ̀ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó bá dúró gangan tó fi orúnkún le pa nínú oòrùn, ẹ̀jẹ̀ á ró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú á ṣú u, á ṣubú láìna ọwọ́ sílẹ̀, eyín tàbí àgbọ̀n rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn tó máa dúró lórí ìlà pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mu ife omi méjì, kí wọ́n má fi orúnkún le, kí wọ́n sì máa mú ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ṣiṣẹ́ nínú bàtà. Ẹ fi ẹni méjì sẹ́yìn ìlà. Bí ẹnì kan bá ṣubú, kí wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Kí wọ́n má tètè gbé e dìde jókòó. Àga gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òjìji fún ẹbí.

Àsíá ni àkọ́kọ́. Kí ẹni tó ń fà á kọ́kọ́ fà á dé ṣóńṣó òpó, kó dúró díẹ̀, kó tó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìdajì. Lópin ọjọ́, ó tún gbọ́dọ̀ padà dé ṣóńṣó kó tó sọ̀ kalẹ̀ pátápátá. Ẹ dán okùn òpó náà wò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Okùn tó há níwájú ẹbí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni kó wà, ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan àti ti ọ̀gá kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ẹlẹgbẹ́, ìyẹn nǹkan bí ọ̀rọ̀ 480 bí èèyàn bá ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀gá. Ẹ gba ọ̀rọ̀ méjèèjì ní kíkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ yọ gbogbo ohun tó bá kan bí wọ́n ṣe ń ṣọ́nà, irú ìbọn tí wọ́n gbé àti ohun tí ẹlẹ́rìí sọ. Bí àwọn olóṣèlú bá fẹ́ wá, kí wọ́n wá, kí wọ́n jókòó.

Bí ẹ bá máa ka orúkọ àwọn mìíràn tó kú ṣáájú rẹ̀ ní àgọ́ yín, ẹ ṣírò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta fún orúkọ kan. Ogún orúkọ á gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ ní kí ẹbí kọ̀ọ̀kan pe orúkọ èèyàn wọn sórí fóònù, kí ẹni tó máa kà á gbọ́ ọ, kó fi dánra wò.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan ló máa ń dàrú jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló rọrùn jù lójú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó di aago mú. Ẹ jẹ́ kí fèrè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa yọjú wò bóyá ó ti tó. Ẹ pa gbohùngbohùn nínú ìṣẹ́jú yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa hu. Bí ẹ kò bá ní afunfèrè, agogo kékeré kan tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tún lù lẹ́ẹ̀kan, ti tó.

Bó bá kan gbígbé òdòdó sílẹ̀, ẹbí ló máa kọ́kọ́ gbé tiwọn, kí ọ̀gá àgọ́ tó tẹ̀ lé wọn. Bí ọmọ bá fẹ́ gbé òdòdó, ẹ jẹ́ kó gbé e. Bó bá yí ọkàn padà níbi tó dé, kí ìyá rẹ̀ bá a gbé e, kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ẹ fi nǹkan wúwo sí ìdí òdòdó náà nítorí afẹ́fẹ́.

Ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan dábàá pé kí wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀ lórí rédíò lẹ́ẹ̀mẹta láìsí ìdáhùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbi ìsìnkú. Ohùn yẹn máa ń ya èèyàn lọ́kàn ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ sọ fún ìyàwó tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí òkúta. Kò yẹ kí àwọn ọmọ máa gbọ́ ọ lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ kan wà tí kò ní dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ní kí gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ kọ ojú ewé kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ rẹ̀: ohun tó máa ń sọ, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tó ràn wọ́n lọ́wọ́, oúnjẹ tó máa ń gbé wá sẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ara wọn síbẹ̀. Sí ẹ̀yìn fọ́tò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n yà á, torí yíǹkì bíírò máa ń la bébà kọjá. Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ pa á mọ́ ní ibi méjì tó jìnnà síra, kẹ́ ẹ gbé ojúlówó rẹ̀ fún ìyàwó. Ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́fà kò ní kà á báyìí. Bó bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún, á wá a.

Lórí owó, kí àkáǹtì náà jẹ́ ti ìgbìmọ̀, kí ẹni mẹ́ta jẹ́ olùbuwọ́lù, kí méjì ó kéré tán buwọ́ lù ú kí owó tó jáde. Ẹ ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ẹbí, kẹ́ ẹ ti i pa bí iṣẹ́ bá parí. Àwọn oníjìbìtì máa ń fi fọ́tò olóògbé gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ kéde nọ́ńbà àkáǹtì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ má sì gbé àdírẹ́sì ilé tàbí ilé ìwé àwọn ọmọ sórí ìkànnì kankan. Kẹ́ ẹ tó ra òkúta pàápàá, ẹ bi ìyàwó bóyá owó ìfẹ̀yìntì àti owó ikú lẹ́nu iṣẹ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń ní gbèdéke. Ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú ni òfin fún ẹbí láti béèrè ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ ti lo méjì nínú tiyín. Bí kò bá tíì gbà á, kí ẹnì kan nínú yín bá a tẹ̀ lé ìwé náà láti tábìlì kan dé èkejì.

Wọ́n á gbé àwọn kan nínú yín lọ sí àgọ́ mìíràn. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe fáìlì kan tí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí kò mọ sájẹ́ǹtì rárá: ẹni tó jẹ́, nọ́ńbà ẹbí rẹ̀, orúkọ agbẹ́kùúta, ìlànà ọjọ́ náà, àti ohun tó yẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, bíi pípe ẹbí, wíwo òkúta, yíyẹ okùn àsíá wò. Ẹ fi fáìlì náà sínú àwọn ohun tí ọ̀gá àgọ́ kan ń buwọ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń lọ. Ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ ìrántí máa ń dákẹ́, nígbà tí ẹni tó ń gbé e lọ́rùn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó ku ẹlẹgbẹ́ yín tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pè é, kẹ́ ẹ sì pè é ṣáájú gbogbo àlejò mìíràn. Ẹ má fi fóònù pè é mọ́, ẹ má sì fi lẹ́tà tó ní àmì ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Kí ẹnì kan tó sún mọ́ ọn lọ bá a nílé lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan, kó jókòó tì í. Ẹni tó yè lọ́jọ́ tí èkejì rẹ̀ kú máa ń rò pé gbogbo ojú tó ń wò ó ń béèrè ohun tó ṣe àti ohun tí kò ṣe, torí náà kí ẹni tó lọ má béèrè nǹkan kan nípa ọjọ́ náà. Kó sọ ọjọ́ tí ètò máa wáyé, kó sọ fún un pé kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀, kó gbé òdòdó tàbí kó wọ aṣọ iṣẹ́ bí kò bá fẹ́, àti pé ó lè dúró lẹ́yìn pátápátá kó sì lọ nígbà tó bá wù ú. Bí ìyàwó olóògbé bá fẹ́ kó wá, kí ó gbọ́ ọ láti ẹnu ìyàwó fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣe ohun tí gbogbo ìpè yín kò ṣe. Bí kò bá wá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹni tó kọ́kọ́ lọ tún padà lọ, kó mú ìwé ètò náà dání, kó fi lé e lọ́wọ́.